Ife Omi Tí Ìyá Adúpẹ́ Gbé fún Ọmọ Wa

Bí a bá bi Ìyá Adúpẹ́ pé ṣé wọ́n jí dáadáa, "Adúpẹ́" ni. Bí ẹsẹ̀ wọn bá wú bí iṣu, "Adúpẹ́" ni. Lọ́jọ́ tí a sin ọkọ wọn, tí òtútù mú gbogbo wa dé eegun, mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú." Wọ́n ní, "Adúpẹ́, Rédíò mi." Èmi ni wọ́n ń pè ní Rédíò, wọ́n ní wọn ò rí ibi tí wọ́n ti ń pa mí. Àwọn ọmọdé inú ilé wa ló sọ adúpẹ́ wọn di orúkọ, kò sì sẹ́ni tó rántí èyí tí bàbá wọn sọ wọ́n mọ́.

Ilẹ̀kùn wọn dojú kọ tèmi. Ilé ìjọba ni, alájà púpọ̀, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé wa gòkè níbẹ̀ máa ń ṣàìsàn ju àwa tí à ń gbé ibẹ̀ lọ. Àwa tí a ti ilé wá sí ilẹ̀ àjèjì yìí la pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà bí o bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹnì kan á kí ọ ní èdè rẹ kó o tó nu ojú tán.

Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni Màmá ti lo ọjọ́ ayé wọn. Bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bá ti inú ẹ̀rọ jáde, tó ṣì ń jóni lọ́wọ́, àwọn àti obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa ni wọ́n máa ń di etí rẹ̀ mú. Wọ́n á nà án títí tí yóò fi dún pà, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á ká a. Wọ́n ní ẹ̀rín nìkan làwọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò sí tọkọtaya tó mọ ìrìn ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló jẹ ìka wọn. Nígbà tí èmi fi mọ̀ wọ́n, ìka wọn ti wọ́ bí gbòǹgbò, orúnkún wọn kò sì gbọ́ràn mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn kí n tó lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì.

"Rédíò, rọra. Ẹ̀yìn ni o, kì í ṣe ìkòkò."

"Ìkòkò sàn, Màmá. Ìkòkò kì í ráhùn."

A ó rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ á fi wọ̀ wọ́n lójú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ wọn kan, aránṣọ, ni wọ́n gbé lọ sí ilé àwọn arúgbó lẹ́yìn odi ìlú. Nígbà tí a lọ wò ó, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀ níbẹ̀, obìnrin tó ń bú oníbàárà tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́ bí aago tí bátìrì rẹ̀ kú. Nígbà tí a délé, Màmá ti ilẹ̀kùn wọn pinpin. Wọ́n wá ní, "Ibi tó bá wu ikú ni kó ti bá mi, kó ṣáà má jẹ́ ibẹ̀. Kó bá mi níbi tí wọ́n ti ń kí mi ẹ káàárọ̀."

Nígbà tó yá, ìjọba kéde ìrànlọ́wọ́ tuntun fún àwọn àgbà tó ti ilẹ̀ mìíràn wá. Wọ́n ní ẹnì kan á máa wá wẹ̀ fún wọn nínú ilé wọn, á se oúnjẹ, á sì máa bá wọn sọ èdè wọn. Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò, wọ́n ní ẹni tí yóò máa yẹ àwọn àgbà wò, láti mọ ẹni tí ìrànlọ́wọ́ náà kàn, ọmọ tiwa ni. Ọmọbìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú gbogbo èèyàn. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ọmọ yín ni mí o." Gbọ̀ngàn hó yèè. Àwọn kan sunkún. Láti ọjọ́ náà, Ọmọ Wa ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Nígbà tó ku ọ̀la kó dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo bẹ̀ wọ́n. "Màmá, ẹ má dúpẹ́ kankan lọ́la o. Ibi tó ń dùn yín ni kẹ́ ẹ sọ."

"Kí n wá máa ka àìsàn fún àlejò bí ẹni ń polówó ọjà?"

"Ẹ polówó ẹ̀! Ẹ tiẹ̀ fi ènì sí i!"

A fi dánra wò. Mo ṣe bí Ọmọ Wa, mo ránmú, mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ lè dìde?" Wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi, orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi." Mo ní ó parí.

Ọmọ Wa dé, ó kúnlẹ̀, ó jókòó, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lé itan. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí Màmá fúnra wọn dáhùn." Màmá sì dáhùn bí ẹni tó mọ orin rẹ̀ sórí. Orúnkún ò gbé wọn, ìka ò ká, wọn ò lè dá wẹ̀. Wọn ò dúpẹ́ rárá. Inú mi dùn débi pé mo ti ń wo ibi tí ẹni tó ń bọ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ á máa kọ́ aṣọ rẹ̀ sí.

Ọmọ Wa pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Ó nu iwájú orí bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, àtẹ̀gùn ilé yín yìí pa mí! Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yín o. Ẹ fún mi lómi mu."

Mo dìde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Rárá, Àǹtí. Omi ọwọ́ Màmá ni mo fẹ́. Àdúrà wà nínú ẹ̀."

Ẹ gbọ́ ná, ta ni nínú àwọn àgbà wa ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tó máa jókòó? Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ ti àga, wọ́n dìde. Mo gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe ké. Wọ́n fara ti ògiri dé ibi ẹ̀rọ omi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì há ife mọ́ àyà, òógùn bò wọ́n, wọ́n gbé e bọ̀. Wọn ò da ẹ̀kán kan. Ojú wọn ń dán bí ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. "Gbà, ọmọ mi. O ò ní mọ òùngbẹ láyé."

"Àmín, Màmá." Ó fẹnu kan omi náà, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Mo lé e bá lórí àtẹ̀gùn. "Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Ohun tí mo rí, Àǹtí. Wọ́n dìde, wọ́n rìn, wọ́n bu omi."

"Ṣé o ò mọ̀ pé àgbà kì í fi omi du àlejò ni? Ṣé wọn ò tọ́ ẹ nílé ni?"

"Torí pé mo mọ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́," ó ní. "Ẹnu ni gbogbo yín ń kọ́ wọn. Ẹnu á purọ́, omi ò ní purọ́." Ó tún tẹ orúnkún fún mi, ó ní ó dàbọ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ohùn kan náà, tó rọ̀ bí òwú, ló fi pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n bá òun yọ̀, ara wọn ṣì le, ìrànlọ́wọ́ ò kàn wọ́n. Màmá ní, "Adúpẹ́." Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n yíjú sí mi. "Rédíò, àbí omi yẹn ò tutù tó ni?"

Láti ìgbà náà ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n láti jẹ́ kí n wẹ̀ fún wọn. "Ìjọba ní ara mi le," wọ́n á ní, "ṣé ìwọ lo mọ̀ ju ìjọba lọ?" Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò dúró dè mí. Mo bá wọn nílẹ̀ balùwẹ̀, omi ń ṣàn lé wọn lórí, egungun ìbàdí wọn ti ṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ká aṣọ náà la gbé wọn lọ. Wọ́n fi ìka wíwọ́ yẹn kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Wọn ò na èyí dáadáa." Ìyẹn ni ẹ̀fẹ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn kẹ́yìn.

Láti ibẹ̀, ilé àwọn arúgbó lẹ́yìn odi ìlú yẹn ni. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, fọwọ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé òdòdó pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ wò wọ́n, ètè wọn ti bó. Ife omi wà lórí tábìlì, ní ìkángun yàrá lọ́hùn-ún. Mo fi ìwọ̀nba èdè ìlú náà tí mo gbọ́ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé kí ló dé tí omi fi jìnnà. Ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì tó yẹ̀ wọ́n wò ti kọ ọ́ pé wọ́n lè dá bu omi mu, ibẹ̀ làwọn sì ń gbé e sí kí àwọn má baà sọ wọ́n di ọ̀lẹ.

Mo gbé ife sí wọn lẹ́nu, wọ́n mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nu ètè wọn. Òṣìṣẹ́ náà bu omi mìíràn, ó dá a padà sórí tábìlì rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó ṣe ń kọjá, ó bi wọ́n bí ara wọn ṣe rí.

"Adúpẹ́," ni Màmá wí.

Ó yíjú sí mi. "Ọ̀rọ̀ kan yìí náà ló ń sọ ṣáá látàárọ̀. Kí ló túmọ̀ sí?"

Mo ní, "Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n."

"Omi rẹ̀ nìyẹn," ó ní, ó fi ìka tọ́ka sí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.