Báàgì Ni Bàbá Àyàndélé Kà

Bí ẹ bá bi Bàbá Àyàndélé pé ọmọ mélòó ló bí, "Wọ́n pọ̀, wọ́n ṣì ń bọ̀" ni yóò wí, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, Ìkòsì ló ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Èèwọ̀ ni lójú rẹ̀ láti ka ọmọ, ìbáà ṣe tirẹ̀.

Lọ́dún 2007, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní Mile 12, Kúnbi, ẹnjiníà obìnrin kan, wá bá a nídìí iṣẹ́. Ọ́fíìsì wọn fẹ́ ṣe ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, kí gbogbo ènìyàn má baà máa fi mọ́tò tú èéfín síra wọn nímú. Yálà iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni tàbí ẹ̀gbẹ́ ọjà lọ́hùn-ún. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ bá pọ̀ sí ni wọn yóò ṣe é.

"Daddy, ẹ bá mi ka gbogbo ohun tó bá kọjá láàárọ̀. Fọ́ọ̀mù rèé."

Inú Bàbá dùn dé ìdí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Dárasími, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń gbà lọ sílé ìwé, ọkadà sì ti lé e bọ́ sí gọ́tà rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó lórí táyà. Ó ka mọ́tò, ó ka kẹ̀kẹ́, ó ka ọmọlanke, ó ka àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n kọ "ọmọ ilé ìwé" sí, olóríkunkun fi í sílẹ̀ lófìfo.

Kúnbi wo fọ́ọ̀mù, inú rẹ̀ bàjẹ́. "Daddy, àwọn ọmọ ilé ìwé ò kọjá níbí ni? Bó ṣe wà yìí, side ọjà ló máa gbé e o."

"Wọ́n ń kọjá, wọ́n pọ̀ bí eèrà. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kúnbi, ó gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Tí wọn ò bá sí nínú ìwé, àwọn ọ̀gá mi á ní wọn ò sí láyé nìyẹn. Mo fún yín ní ọ̀la nìkan."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọra. Ohun tó fi ń dáàbò bo àwọn ọmọ ló fẹ́ lé wọn sójú títì yìí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn àwọn ọmọ ló ń wò, kò wo ojú wọn. Báàgì pupa kan kọjá, ó fa ìlà kan. Báàgì aláwọ̀ ewé kọjá, ó tún fa òmíràn. Báàgì kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìlà ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún kí Dárasími tó yọ. Okùn báàgì tirẹ̀ ti já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú náílọ́ọ̀nù dúdú ló kó ìwé sí. Bírò Bàbá dúró. Ó ń wo ọmọ náà títí ó fi sọdá.

Lọ́sàn-án, Kúnbi ka ohun tó kọ síbẹ̀ sókè: "Báàgì, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Náílọ́ọ̀nù, ẹyọ kan." Ó gbójú sókè. "Daddy, ta ló ni náílọ́ọ̀nù?"

"Èmi ni mo ni ín," ni Bàbá wí.