Ẹja Àrọ̀ Julius àti Ìwé Tí Kò Kà Tán

Julius ti sọ fún gbogbo ará ilé pé òun máa sinmi ní Sátidé yìí, bí ẹni pé ìsinmi jẹ́ ohun tí wọ́n ń kéde. Ṣùbòmí, ìyàwó rẹ̀, ti kó àwọn ọmọ lọ sí Ìjẹ̀bú. Òjò Ọ́gọ́ọ̀sì ti dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ó wá ku ọ̀gá nìkan, ẹja àrọ̀ ńlá kan, àti ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti ń kà láti Ọdún Àjíǹde. Kò tíì mọ ẹni tó pa olówó inú ìwé náà. Ohun tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé ò ju méjì lọ: kó dá ẹja ẹ̀ jẹ, kó sì mọ apànìyàn.

Ó gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, ó finá sí èédú, ó fi ata àti àlùbọ́sà pa ẹja lára, ó tẹ́ ẹ sórí wáyà. Ọwọ́ kan ń fẹ́ná, ọwọ́ kejì di ìwé mú. Àṣé òórùn ẹja ò mọ̀ pé ẹnì kan ń sinmi. Ó gba ojú fèrèsé wọ yàrá gbogbo ayálégbé.

Àǹtí Glory ló kọ́kọ́ yọ, ó ní òun wá ká aṣọ.

"Ẹ kú ìsinmi o, Ẹ̀gbọ́n Julius."

"Àǹtí Glory, ẹ wá jẹun o."

"Á gba ibi ire, sà."

Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ọmọlúàbí á ní kí o wá jẹun, ọmọlúàbí á ní kó gba ibi ire, kálukú á sì bá tiẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó kọjá ni Julius pè, kò sí ẹni tó jókòó. Ó wá ń yangàn nínú ara ẹ̀ pé òun mà lawọ́ o!

Ẹja jinná, ìwé ku ojú ewé díẹ̀, ni Bàbá Munirah, lanlọ́ọ̀dù, bá jáde.

"Julius, o kú ìgbádùn."

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ wá jẹun, sà." Ojú ẹ̀ ti padà sínú ìwé.

"Bísímílà," ni bàbá wí. Ó fa àpótí, ó ṣan ọwọ́.

Yéè! Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ. Julius fi tiẹ̀ pe ẹni tó máa jẹ ẹ́ tán. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti orí, kò dúró títí tó fi dé ìrù. Julius, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jẹ ẹ́, sà," inú ẹ̀ sì ń jó bí èédú. Kò burú, ó ṣáà ṣì ku ìwé.

Bàbá nu ẹnu, ó wo ẹ̀yìn ìwé náà.

"Háà! Ìwé yìí! Mo ti kà á tipẹ́."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má—"

"Rárá o. Èèyàn ò lè jẹ ẹja ẹni kó má san oore. Dókítà wọn yẹn ló pa olówó náà. Má wulẹ̀ fi ojú ẹ ṣe wàhálà mọ́."

Julius pa ìwé dé. Ó wo abọ́, egungun ló kù. Bàbá dìde, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run máa bùkún ọwọ́ tó ń fúnni. Ẹnu Julius kan náà yẹn tún là, kò tiẹ̀ bi ẹni tó ni ín:

"Àmín, sà. Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ ó tún wá jẹun o."

"Ó di Sátidé tó ń bọ̀ nìyẹn," ni bàbá wí, ó sì wọlé lọ.