Máàpù Tí Kò Mọ Ilé Bàbá Ẹ-Yà-Lọ́nà

Bàbá Ẹ-Yà-Lọ́nà ti kú. Ọkùnrin tó fi gbogbo agbára ìgbà èwe rẹ̀ wa ọkọ̀ ańbúláǹsì, tó gbé aláìsàn ẹni ẹlẹ́ni dé ilé ìwòsàn láìmọye ìgbà, orí àga nínú pálọ̀ ara rẹ̀ ló kú sí, níbi tó ti ń retí ańbúláǹsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló ya máàpù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ rántí bó ṣe gba orúkọ yẹn. Fèrè ńlá tó ń ké lórí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, àwọn ọ̀gá ò tún un ṣe, ló bá ń yọrí síta lójú fèrèsé bó ṣe ń wakọ̀ lọ: "Ẹ yà lọ́nà o! Ọmọ ìyá yín ló wà nínú ọkọ̀!" Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n á yà. Lọ́jọ́ tó gbé ìyàwó mi tó ń rọbí, èmi ni mo jókòó tì í níwájú, jìnnìjìnnì ti bò mí. Ó wò mí tán, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìwọ náà ń rọbí ni? Rọra mí, jàre." Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ náà ti ga jù mí lọ báyìí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé kékeré sí àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ omi. Àsìkò yẹn náà ni àwọn aláṣẹ gbé máàpù orí kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n ní òun ni gbogbo iṣẹ́ ìlú yóò máa tẹ̀ lé: ańbúláǹsì, panápaná, ọkọ̀ akólẹ̀, títí kan àwọn tó ń tún páìpù omi ṣe. Èmi ò bá máàpù jà o. Nǹkan gidi ni. Ká ní wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ ni, Bàbá ì bá wà láàyè lónìí. Àmọ́ àwòrán tí wọ́n yà láti òfurufú, tí wọ́n fi ṣe é, ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀. Igbó ló hàn nínú rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ rin àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ilé àti títì tuntun kún un. Wọ́n ní òjò ń rọ̀. Kí òjò tó dá, wọ́n ti gé ríbọ́nì, wọ́n ti ya fọ́tò. Wọ́n sọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i.

Wọ́n wá fi òfin lé e: ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan bí ilé ẹni tó pè ò bá tíì hàn lórí kọ̀ǹpútà. Awakọ̀ kan tó lo ọgbọ́n orí ara rẹ̀, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé ná. Gbogbo àwọn tó kù kọ́gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pe ańbúláǹsì. Onídìrí ni, ọ̀dọ̀ Bàbá ló ń gbé, oyún sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù tẹ orúkọ àdúgbò náà.

"Àǹtí, igbó ló ń hàn níbí o."

"Igbó kẹ̀? Ṣé ẹ rò pé inú igbó ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, èmi ni. Ẹ-Yà-Lọ́nà."

Ọmọ Bàbá ní ṣe ni obìnrin náà figbe ta. "Háà, Bàbá wa! Mo mọlé yín. Ṣebí mo wá síbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣílé! Ẹ̀rọ yìí ni ò gbà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró, mo ń pe ọ̀gá."

Ọ̀gá wà nípàdé. Kí sì ni ìpàdé ọ̀hún dá lé? Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fẹ́ gbà nítorí máàpù! Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Nígbà tí aládùúgbò kan fi máa rí mọ́tò yá, Bàbá ti lọ.

Èmi ò bá obìnrin orí fóònù yẹn jà. Òun náà ń sunkún títí dòní. Ẹni tó ṣe òfin tí èèyàn á fi mọ ilé, tí ò ní lè rán ọkọ̀ síbẹ̀, ẹni yẹn ni mò ń bá wí. Ta ni? Ṣé kò lórúkọ ni?

Ọjọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà kó àwọn èèyàn rẹ̀ àti oníkámẹ́rà wá bánikẹ́dùn. Mo wà níbẹ̀. Ó ní akínkanjú ni Bàbá, ó ní ìlú ò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Ọmọ Bàbá jẹ́ kó sọ tán. Ó fọwọ́ ti ikùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ báwo lẹ ṣe rí ilé wa?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Áà, kò le rárá. A béèrè lọ́wọ́ télọ̀ tó wà níkòríta. Ó ní ká máa bọ̀ tààrà."

Oníkámẹ́rà pàápàá gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ṣé ẹ gbọ́ ẹnu ara yín báyìí? Ẹ mọ̀nà wá kí òkú, ẹ ò mọ̀nà wá gba alààyè là! Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó buwọ́ lu òfin yẹn fún wa, kó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ọmọ Bàbá. Ẹ fa òfin náà ya lónìí. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ rin ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ omi láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sórí máàpù, kí òjò rọ̀ tàbí kó má rọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ Bàbá máa bímọ, nínú ilé kan náà, nọ́ńbà kan náà ló sì máa pè. Bí ẹ bá tún sọ fún un pé igbó lẹ rí, a ó wá mọ́tò gbé e sí, iwájú ọ́fíìsì yín la ó sì gbé e gbà lọ sílé ìwòsàn. Èmi ni màá yọrí síta lójú fèrèsé, ẹ̀yin ni màá sì máa pariwo mọ́: Ẹ yà lọ́nà o! Ọmọ ìyá yín ló wà nínú ọkọ̀!