Àsúnwọ̀n Tí Mo Ní Ó Ti Kú

Ẹ̀yìn ilé wa ní Kokomlemle, ní Gánà, ni màmá mi gbin àsúnwọ̀n sí, èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin. Àwọn ìyá tó ń tajà lọ́jà Okaishie ló máa ń wá já ewé rẹ̀ nígbà tí wọn kò bá rí ìgbẹ́ yà. Wọ́n á ké pé, "Àgò o, ewé la wá já," wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Kí màmá mi tó kú, ohun kan péré ló bẹ̀ mí: kí n má ti géètì mọ́ wọn. Mo ní mo gbọ́.

Ẹnu lásán ni. Gánà ni wọ́n bí mi sí, ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo sì fi ń sá kí wọ́n má baà pè mí ní Alata, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ọlọ́jà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ará ọ́fíìsì wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ màmá mi kan, tó ń ta ìpara, dé. Ó ní òun wá já ewé, ọjọ́ kẹrin rèé tí òun ti yàgbẹ́ kẹ́yìn. Kó má baà dà bíi pé ó ń yọ àwọn àlejò sílẹ̀, ó fi èdè Twi tún un sọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ojú gbà mí tì. Mo sáré jáde, mo ní, "Mà, àsúnwọ̀n yẹn ti kú. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán."

"Ó mà ṣe o!" Ó káwọ́ lérí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ti géètì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò pé oṣù méjì. Ìyá náà padà wá kan géètì, mo sì ṣí i. Ó gbé ike ìpara kan lọ́wọ́, àsúnwọ̀n kékeré kan ti hù nínú rẹ̀.

"Èso tí ìyá rẹ fún mi lọ́jọ́sí ni mo gbìn. Ilé rẹ̀ ò gbọdọ̀ wà láìsí i. Níbo ni ká lọ́ ọ sí?"

Kí n tó rí irọ́ mìíràn pa, ó ti dé ẹ̀yìn ilé. Igi náà tanná yọ̀ọ̀, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Ó dúró, ó wò ó títí. N kò lè gbójú sókè.

Ó gbé ike náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè já díẹ̀?"

Nígbà ayé màmá mi, ẹnikẹ́ni kì í tọrọ.