Ìbínú Ìyá Àgbà

Bí omi bá kan ìkòkò amọ̀ tuntun, òórùn tó máa ń jáde yẹn ló ń gbé mi padà sí Ṣábẹ̀ẹ́, sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fọ́ àmù rẹ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má fẹsẹ̀ gún àpáàdì. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọbìnrin Fúlàní kan yà wá tọrọ omi.

"A ò ní omi fún darandaran," ni mo wí, bẹ́ẹ̀ àmù kejì kún dẹ́nu. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lóko ni mo fẹnu ọmọdé tún sọ.

Ìyá àgbà gbọ́. Ojú rẹ̀ le bí n ò ṣe rí i rí. Ó bu omi sígbá, ó fà mí lọ́wọ́, a sáré lé ọmọ náà bá lọ́nà Sakin.

"Ìyá àgbà, ẹ ò sì bínú nígbà tí mo fọ́ àmù!" Mo ti ń sunkún.

"Tèmi lo fọ́, mo lè gbé e mì. Ìyà tó o fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ, n ò lè bá a gbé e mì. Ìbínú òdodo nìyẹn. Ìwọ náà á nílò rẹ̀."

Ọmọ náà mu, ó dá igbá padà. Ìyá àgbà ò nu etí igbá náà. Ó gbé ìyókù fún mi.

"Mu."