Ìbò Tí A Fi Gba Yorùbá, Tí A Fi Ta Túlù

Ọdún kejì lẹ́yìn Kòrónà ni, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Peckham nílùú Òyìnbó, níbi tí mo ti jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń ní kí n sọ ìjà tí mo jà tí mo borí. Mo borí èyí, kò sì dùn mọ́ mi títí dòní.

Mánéjà lẹ ìwé mọ́ ògiri pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí òṣìṣẹ́ máa sọ. Àwa Yorùbá la pọ̀ jù níbẹ̀, inú sì bí wa. Ṣùgbọ́n Sumati, alábàáṣiṣẹ́ wa kan, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé ìkìlọ̀. Ọmọ etí òkun Índíà ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ Túlù, èdè tó bá Tamil tan, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ará Índíà fúnra wọn kò gbọ́. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí àrùn ìgbàgbé ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀. Túlù nìkan ló kù. Tí Sumati kò bá fi Túlù rọ̀ ọ́, kì í lanu jẹun.

Àárọ̀ mẹ́ta la fi gbé pátákó nínú òjò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí mò ń pariwo pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lọ́jọ́ kẹrin, mánéjà gbà pé ká máa sọ èdè tó bá wù wá ní yàrá ìsinmi, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ́dọ̀ àwọn arúgbó.

"Aunty Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká gba eléyìí ná," Àlàájà tó ń dáná sọ fún mi. "Shift mi ti fẹ́ start."

Mo ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Gbogbo wa nawọ́, àfi Sumati. Ó wò mí, ó ní, "Aunty, ta ni mo fẹ́ bá sọ Túlù ní yàrá ìsinmi?"

Mo sọ fún un pé a máa padà sórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀. A ò padà. Ó ń bá ìyá náà sọ Túlù lọ, wọ́n fún un ní ìwé kejì, ó sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Òfin tó ń jẹ wá níyà ti rọ̀, a kò rí ìdí láti jà mọ́. Ojú tì mí láti kọ èyí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Èmi ni mo wá ń fún ìyá náà lóúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan, ó sì ń retí èsì. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo dé yàrá ìsinmi, àwọn èèyàn mi ń fi Yorùbá ṣàwàdà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì lè dí wọn lọ́wọ́.