Ojú Mi Tí Bàbá Dewitt Yá

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti Bàbá Dewitt Rentz ti dojú ilé kọ ara wa ní Gúúsù Kàrólínà kí n tó wọ yàrá ejò rẹ̀. Kì í ṣe pé a ò mọwọ́ ara wa o. A jọ máa ń jókòó síta ilé rẹ̀, a ó máa bó ẹ̀pà sísè, a ó máa mu tíì tútù tí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé mo máa ń bú u. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a kì í pe ejò lórúkọ, okùn là ń pè é. Báwo ni irú mi ṣe fẹ́ wọ ibi tí wọ́n to ejò sínú ike bí ẹni to aṣọ?

Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì iléèwé ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ń gbọ́ orin tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Òun àti Maybeth, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n jọ ń sin ejò àgbàdo, ejò pẹ̀lẹ́ tí kò ní oró, tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń rà sin bí ẹni ra ajá. Nínú aká àgbàdo bàbá Maybeth ni Maybeth ti rí akọ tí gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, tó pupa bí epo, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ gbé e wálé. Mo máa ń sọ fún un pé orí rẹ̀ kò pé. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn, títí ikú fi mú un lọ.

Ọdún kejì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni akọ náà sùn oorun gígùn tí ejò máa ń sùn nígbà òtútù, ní oṣù kìíní, kò sì jí mọ́. Bàbá sin ín sábẹ́ igi óákù. Nígbà tó di oṣù kẹfà, abo àgbà tí wọ́n ń pè ní Bọ́tà yé ẹyin mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ kò sí akọ kankan tó sún mọ́ ọn lọ́dún náà. Bàbá tò wọ́n sórí ilẹ̀ rírọ̀ tó lọ́rinrin nínú ike, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè mọ òkè wọn, torí ẹyin ejò kì í ṣe ẹyin adìyẹ: bí o bá yí i, o ti pa ọmọ inú rẹ̀. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, òun ni ìgbẹ̀yìn ọmọ ejò Maybeth. Bí kò bá sí, ó parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, Arlis wá wò wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń sin ejò rẹpẹtẹ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa ni. Ìta ni mo jókòó sí, mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé.

"Òfìfo ni gbogbo ẹ̀, Bàbá. Akọ yín ti kú látijọ́. Ta ló wá fún un lóyún, òkú?"

"Wọ́n pàdé lọ́dún tó kọjá. Àtọ̀ máa ń pẹ́ nínú wọn nígbà míì."

"Nígbà míì! Gbogbo abo tí mo ní yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí irú ẹ̀. Ẹ kó wọn sí firísà, kọ́kàn yín balẹ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta ti yá jù láti fi mọ̀."

"Ó dáa, ẹ̀yin náà ẹ wò ó fúnra yín!"

Bó ti sọ ọ́ tán ni ojú tì í. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú Bàbá Dewitt kì í rí pupa. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá fi tọ́ọ̀ṣì tan ẹyin nínú òkùnkùn, iṣan pupa ló ń fi hàn pé ọmọ wà níbẹ̀. Maybeth ló máa ń wò ó nínú yàrá aṣọ kékeré wọn. Iṣẹ́ ti Bàbá ni pé kó di ilẹ̀kùn mú láti inú kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé, torí ìkọ́ ilẹ̀kùn ti bàjẹ́. Látọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, òun kò rí nǹkan kan nínú ẹyin rí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Mísì Ṣíjú, mo fẹ́ yá ojú yín."

"Ojú mi? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó wá yé mi. "Háà! Rárá o, Bàbá! Ẹ ní kí n bá yín ro oko, mo máa rò ó. Ẹ pe Arlis."

"Arlis ti mọ ohun tó fẹ́ rí kó tó wò ó. Ẹ̀yin ò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ ṣé o. Àìmọ̀kan mi ti wá dohun tí wọ́n ń wá kiri."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lápò, ó nà án sí mi. Mo wá bàtà mi.

Bàbá gbé ike ẹyin dání, a gba yàrá ejò kọjá wọ yàrá aṣọ. Àwọn aṣọ Maybeth ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fi ara kan ojú mi, wọ́n ń rùn fún kàfúrà. Bàbá fa ilẹ̀kùn, ó dì í mú, òkùnkùn sì bò wá. Igbe kòkòrò ìta dà bí òjò tó ń rọ̀ níbi jíjìn. Kò pẹ́ tí n kò fi mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru, bóyá ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi wà tàbí n kò dúró lé nǹkan kan. Ìbẹ̀rù pàápàá lọ jókòó síbì kan.

"Ẹ má yí i o. Òkè ni kí ìlà pẹ́ńsù wà."

Mo fi tọ́ọ̀ṣì kan ẹ̀gbẹ́ ẹyin àkọ́kọ́. Ó tàn bí àtùpà kékeré.

"Kí lẹ rí?"

"Àwọ̀ ìyeyè lásán, kò sí pupa."

Èkejì, ìyeyè. Ẹ̀kẹta, ìyeyè. Nígbà tí mo dé ìkeje, irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé mo rí pupa. Ta ló máa mọ̀? Ó kéré tán, yóò fi oṣù méjì sùn dáadáa.

Àfi bíi pé ó gbọ́ ọ. "Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ má sọ ọ́. Maybeth ò purọ́ fún mi níbí rí."

"Ìyeyè," ni mo wí, ó sì dùn mí wọra.

Mo dé ìkọkànlá. Mo fa etí aṣọ kan mọ́ra, mo fi nu ojú mi, mo tún wò ó.

"Kí ló dé?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ẹ má ṣàánú mi o."

"Mi ò ṣàánú yín. Mo fi ìyá mi búra, ó wà níbẹ̀!"

Ó tẹ̀ síwájú sí mi, ó ṣì di ilẹ̀kùn mú. "Báwo ló ṣe rí?"

Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún un rí. "Ó wà" tàbí "kò sí" ni Maybeth máa ń wí, òun náà kò sì bi í. Mo wá sọ ọ́ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: pé òwú pupa ni, ó tín-ín-rín, ó tàn káàkiri bí gbòǹgbò ewébẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu, àti pé nǹkan bíńtín kan wà láàárín tó ń mì, tó ń mì. Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún, kò sì jáwọ́ lára ilẹ̀kùn. Èmi náà sunkún, n kò ní fi í pamọ́.

Ọ̀kan yẹn nìkan ló lọ́mọ. Àwọn méjìlá yòókù hu ewú kí oṣù tó parí. Ní oṣù kẹjọ, Bàbá pè mí, mo sáré sọdá láìwọ bàtà. Ẹyin náà ti ya, orí kékeré kan sì yọ jáde, ó ń wò wá.

"Àwọ̀ wo ni?" ni Bàbá béèrè.

"Pupa bí epo. Bíi bàbá rẹ̀ gan-an."

"Epo wo ló ń pupa?"

"Epo tiwa ni."

Ó mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá aṣọ náà ni wọ́n máa ń lẹ ìwé ọdọọdún mọ́: ọjọ́ tí wọ́n yé ẹyin, iye tó lọ́mọ, àti nísàlẹ̀, lẹ́tà ẹni tó wò ó. M, M, M, láti òkè dé ìsàlẹ̀. A wọ ibẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì, Bàbá fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú bó ti mọ́ ọn lára, ó kọ ọjọ́ náà sórí ìwé tuntun, ó kọ "ọ̀kan," ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Kò ṣe ìwé tọdún tó kọjá rárá, kò sẹ́ni tó wo ẹyin fún un. Ó na pẹ́ńsù sí mi.

"Ẹni tó wò ó ló ń kọ ọ́."

Mo kọ Ṣ. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àwọn tó kù, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó jáwọ́ lára ilẹ̀kùn tó ti ń dì mú láti ọjọ́ yìí wá, ó jẹ́ kó ṣí gbayawu, oòrùn ọ̀sán sì wọlé bá àwọn aṣọ Maybeth.